Ohun Tí Inspẹ́kítọ̀ Kẹ́rìjì Kò Ṣe

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọkítóbà, 1962.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ púpọ̀, ẹ sì kú àbójútó ilé. Ṣé orúnkún yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé Màámi ṣì ń lọ sọ́jà Òkukù déédéé? Èmi ọmọ yín wà láàyè, mo ń jẹ, mo ń mu. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo wá kọ́ kò rọrùn, ṣùgbọ́n kò tíì pa mí. Wọ́n ti mú mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ni mo wà báyìí. Ọ̀kan nínú wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi nìkan ló ń fẹ́ kó tún ìrọ̀rí òun ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mísísì Bẹ́lì, opó tí mo gba yàrá nílé rẹ̀, ti ra tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tí wọ́n ní ó wà ní Ìbàdàn, sinimá inú àpótí. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeé, bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, á pè mí sí pálọ̀, á bu tíì fún mi, Inspẹ́kítọ̀ Kẹ́rìjì á sì dé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Bí wọ́n bá pa ènìyàn, bí wọ́n bá jalè, òun ni yóò wá ẹni tó ṣe é jáde. Kì í pariwo. Á kàn jókòó síwájú ẹni tí wọ́n fura sí, á máa fi ṣíbí ro tíì, títí olúwa rẹ̀ yóò fi jẹ́wọ́.

Bàbá, ìrìn yín gan-an ló ń rìn! Á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wolẹ̀ bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ kan bọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní, "Bàbá mi rèé!" Mísísì Bẹ́lì ní kí n sọ nípa yín. Mo sọ fún un pé ọdún méjìlélógún ni ẹ fi ṣe akọ́dà, pé láti Ìkìrun dé Òkukù kò sí olè tó lè fọkàn balẹ̀ nígbà tí ẹ fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ìbílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fi ẹ̀gúsí àti ilá gbígbẹ rán an. Kí Màámi má ṣe fi irú sí i o. Nítorí òórùn irú ni wọ́n ṣe lé ọmọ Ìjẹ̀bú kan kúrò nílé ní àdúgbò wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ìwé yín,
Ojúọlá.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Nòfẹ́ńbà, 1962.

Ojúọlá Àríkẹ́, ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á sétí ìyá rẹ. Orúnkún mi ń ṣe bó ti máa ń ṣe, òjò ni yóò sọ. Inú wa dùn pé o wà láàyè.

Ṣùgbọ́n àyà mi já. Irú ìlú wo lo wà yẹn, tí wọ́n ń pa ènìyàn ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeé? Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe akọ́dà, ènìyàn méjì péré ni wọ́n ní wọ́n pa ní agbègbè wa, ìgbà tí a sì wádìí ẹ̀kejì, igi ló wó lù ú. Ẹ̀wẹ̀, inspẹ́kítọ̀ tó ń wá sí pálọ̀ opó ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ láti mu tíì, kí ló ń wá níbẹ̀? Bí ó bá ti dé, wọlé lọ, kí o lọ kàwé rẹ.

Mo kọ ibi tí mo kọ dé yìí tán kí Tíṣà Adétóun tó yà kí wa láti Òkukù. Ó ní sinimá ni gbogbo rẹ̀, pé òṣèré ni Kẹ́rìjì, kò sí òkú kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò ní pa ohun tí mo kọ rẹ́, kí o lè mọ̀ pé a ń dáyà já nítorí rẹ.

Bí ó bá jẹ́ òṣèré ni, sọ fún àwọn tó ń ṣe é pé wọn kò mọ olè. Ẹni tí ṣíbí tíì bá mú jẹ́wọ́, olè àná ni. Ògbólógbòó olè á bá ọ mu tíì náà, á tún bi ọ́ bí ṣúgà bá kù.

Ìwé rẹ gùn, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kankan nínú rẹ̀. Ṣé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Lọ́ńdọ̀nù ni? Wọ́n fi mí jẹ Bàbá Ìjọ níbí lóṣù tó kọjá. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ Bàbá Ìjọ ń sin tẹlifíṣọ̀n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúródọlá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Jánúárì, 1963.

Bàbá mi, Bàbá Ìjọ,

Ẹ kú oríire oyè! Mo jó nínú yàrá mi nígbà tí mo kà á. Ẹ kú ọdún tuntun. Ọdún yìí, yìnyín ni wọ́n fi kí wa níbí. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti bo ilẹ̀, kò sì yọ́. Omi dì sínú páìpù. Kóòtù méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo sì ti rí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọkàn yín balẹ̀.

Bàbá, inú ń bí mi. Ìtàn tuntun tí wọ́n ṣe lálẹ́ àná ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni ẹ lè bá mi dá sí i.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Kẹ́rìjì ti mú ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, wọ́n ní ó jí òrùka. Ọkùnrin náà ń sunkún pé òun kọ́. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Wàyí o, olè mìíràn ni Kẹ́rìjì ń wá lánàá. Ó dé ilé ẹni náà, ó fa àpótí kan jáde, òrùka ọjọ́sí ló wà níbẹ̀! Wọ́n wá fi ojú Kẹ́rìjì hàn wá, ojú náà kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n. A rí i pé ó yé e. Mísísì Bẹ́lì gbá mi lọ́wọ́ mú. A ń retí kó pariwo, kó sáré lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bàbá, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó ju òrùka sápò! Ó lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí ló dé tí ojú rẹ rí bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó tán.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Yorùbá ni mo fi ń pariwo mọ́ àpótí: "Sọ̀rọ̀! Ṣé o ti yadi ni?" Mísísì Bẹ́lì ju aṣọ òtútù tó ń hun sílẹ̀, ó ní òun kò ní wo Kẹ́rìjì mọ́ láyé. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ṣé bàbá tìrẹ á ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní láéláé. Mo wá sọ ìtàn Ọláníyan télọ̀ Inísà fún un: bí wọ́n ṣe fọ́ ṣọ́ọ̀bù Màmá Àwẹ̀ró ní Òkukù, tí wọ́n kó ìgàn àrán mẹ́ta lọ, bí ẹ ṣe rí àlùmọ́gàjí nílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ gbé e kiri ọ̀dọ̀ gbogbo télọ̀ títí ẹ fi mọ̀ pé ti Ọláníyan ni, bí wọ́n ṣe tìtorí rẹ̀ fi yín ṣe Sájẹ́ǹtì. Mo ní bàbá mi kì í mú ẹni tí kò bá dá a lójú. Mo ní bí ó bá tilẹ̀ ṣèèṣì mú aláìṣẹ̀, kò ní jẹun títí yóò fi tú u sílẹ̀. Mísísì Bẹ́lì ní kí n kí yín.

Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Kí ni ẹ rò nípa Kẹ́rìjì?

Èmi ni ọmọ yín,
Ojúọlá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Máàṣì, 1963.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Yìnyín ti yọ́, ṣùgbọ́n ara mi kò tíì yá. Oṣù méjì rèé tí n kò gbúròó yín. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń yọjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń kó ìwé kiri bá ti kọjá.

Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi. Ṣé nítorí pé mo pariwo mọ́ àgbà ọkùnrin nínú tẹlifíṣọ̀n ni? Àbí ẹ rò pé n kò kàwé? Mo yege ìdánwò oṣù Fẹ́búárì, èmi ni mo ṣe ipò kẹta. Àbí ara ló ń ṣe yín tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi? Ìyẹn ni yóò dùn mí jù.

Ẹ kò dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ Kẹ́rìjì, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe já sí. Kò já síbì kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹjọ́ mìíràn ni wọ́n gbé wá, ti obìnrin kan tó fi májèlé pa ọkọ rẹ̀. Kẹ́rìjì ń ro tíì, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe náà mọ́. Mísísì Bẹ́lì kọ̀wé sí àwọn tó ni tẹlifíṣọ̀n, ó ní ta ni yóò tú ọkùnrin yẹn sílẹ̀? Ìwé ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé ó ń wo àwọn. Èmi kò wò ó mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, bó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Ojúọlá.


Òkukù,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Épírì, 1963.

Ojúọlá ọmọ mi,

Èmi Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Tíṣà Adétóun ló ń bá mi kọ ọ́ nínú ìsọ̀ mi lọ́jà. Bàbá rẹ kò mọ̀.

Kí lo kọ sí ọkùnrin yìí? Láti ìgbà tí ìwé inú òtútù yẹn ti dé, kò kà á sétí mi. Mo ní, "Kí ni ọmọ wí?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Inú Bíbélì ló fi í sí. Á ṣí i, á kà á, á pa á dé. Bí mo bá gbóúnjẹ fún un, á bu ẹ̀ẹ̀mẹta, á ní ó tó. Wọ́n ní kó wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun rẹ̀ kò dùn ún.

Ojúọlá, ṣé o ti lóyún ni? Bí o bá ti lóyún, sọ fún mi, èmi ni mo bí ọ. Bó bá jẹ́ òyìnbó ni o fẹ́ fẹ́, sọ ọ́, a ó jọ sunkún rẹ̀ tán, a ó sì mọ ohun tí a ó ṣe. Má ṣe jẹ́ kí bàbá rẹ dá gbé e.

Mo ti yọ irú kúrò nínú ẹrù rẹ bí o ṣe wí. Ó dùn mí.

Ìyá rẹ,
Àtọ́kẹ́.

(Àǹtí Ojúọlá, èmi Adétóun náà kí yín. Ẹ tètè fèsì, Màmá ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.)


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Méè, 1963.

Àríkẹ́,

Ara mi le. O kò ṣẹ̀ mí. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O bi mí ní ohun tí mo rò nípa Kẹ́rìjì. Èmi ni Kẹ́rìjì.

Ọláníyan kò fọ́ ṣọ́ọ̀bù Àwẹ̀ró. Lọ́jọ́ tí mo gbé àlùmọ́gàjí lọ bá a ní Inísà lọ́dún 1951, kò tilẹ̀ sẹ́ pé tòun ni. Ó ní òun yá àbúrò Àwẹ̀ró ni. Mo bi àbúrò Àwẹ̀ró, ó ní irọ́ ni. Mo gbà á gbọ́, nítorí pé ọmọ olówó ni, Ọláníyan sì jẹ́ tálákà tí aṣọ olówó ńlá ń wọ̀ lójú. Ọdún kan ni wọ́n dá fún un. Èyí àkọ́kọ́ yẹn, mo lè pè é ní àṣìṣe.

Lọ́dún 1953, àìsàn dá àbúrò Àwẹ̀ró wólẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, èmi ni mo kó àrán. Mo yá àlùmọ́gàjí rẹ̀ láti fi gé okùn ẹrù, ó bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Àwẹ̀ró di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní kí n má ba orúkọ òkú jẹ́. Mo ní ó dára. N kò ní purọ́ fún ọ, Àríkẹ́, kì í ṣe nítorí òkú. Nítorí okùn Sájẹ́ǹtì tó wà lápá mi ni. Mo rò pé wọn yóò já a.

Ọláníyan ti jáde lẹ́wọ̀n nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún un rán mọ́. Ẹgbẹ́ télọ̀ ṣèpàdé ní Ìkìrun, wọ́n lé e. Èmi ni mo lọ dúró níbẹ̀ kí ìjà má bàá ṣẹlẹ̀. Mo mọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sì dúró bí òpó. Ó kó lọ sí Èkó Ẹndẹ, ó di àgbẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń bá a gbé, ó ti ń di ohun tí mo lè gbé. Ìwé rẹ dé. "Kò ní jẹun títí yóò fi tú u sílẹ̀." Oúnjẹ sì kọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ìwé kejì wá dé, tí o ní lọ́sẹ̀ kejì Kẹ́rìjì ń rẹ́rìn-ín, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ń lọ?"

Mo lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá. Mọ́tò já mi sí Èkó Ẹndẹ, mo fẹsẹ̀ rìn dé oko rẹ̀. Ó ń kọ ebè. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní:

"Sájẹ́ǹtì, kí ni mo tún jí?"

Mo ní, "O kò jí nǹkan. O kò jí nǹkan rí."

Ó ní, "Èmi mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀."

Ó fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo sọ. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìpàdé télọ̀, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo wò yín, mo rò pé ẹ ó sọ̀rọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ ń tẹ iṣu mi."

Ìgbà tí mo dìde ló sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ fún mi. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni wọ́n ń pè é, ó ti pé ọmọ ogún ọdún. Ìdílé Ògúnwálé ní Òkukù ti wá tọrọ rẹ̀ fún Àjàní, ọmọ wọn. Lóṣù méjì sẹ́yìn, ẹnìkan sọ fún wọn pé ọmọ olè ni. Wọn kò wá mọ́. Mo ní n ó kó àwọn àgbà wá bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, n ó ràn án lọ́wọ́ bí ó bá ní ohun tó fẹ́. Ó mi orí. Ó ní, "Kì í ṣe orí ebè ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́. Ilẹ̀ yìí kò pè mí lólè rí. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti pè mí."

Àríkẹ́, n kò tíì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá Ìjọ ni mí. Àwẹ̀ró ṣì wà láàyè, ó sì lẹ́nu. Ẹni tí mo jẹ́ fún ọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kọ̀wé sí mi.

Dúródọlá.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Júláì, 1963.

Ojúọlá,

Oṣù méjì ti kọjá. Mo mọ̀ pé ìwé mi dé, nítorí ìyá rẹ rí ìwé tìrẹ gbà, tí o ní o kò lóyún. Bó jẹ́ èébú ni o ní, kọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejì, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1963.

Bàbá mi,

Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ tí mo sì ya. Nínú ti àkọ́kọ́, mo bú yín. Nínú ìkejì, mo ní kò sí nǹkan, pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe àṣìṣe. Irọ́ ni ìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ya òun náà. Ìkẹta, omijé ló bà á jẹ́.

Mo bínú sí yín, mi ò ní fi pa mọ́. Gbogbo ibi tí mo bá jókòó sí ni mo ti ń fi yín yangàn. Mísísì Bẹ́lì bi mí bóyá ìwé yín ti dé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ yàrá mi.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní tèmi, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọláníyan jáde lẹ́wọ̀n, tó ń gba iwájú ilé ìwé wa kọjá, a máa ń kọrin tẹ̀ lé e. Olè abánigé-àrán là ń pè é. Èmi ni mo dá orin náà, Bàbá. Ọmọ akọ́dà ni mí, èmi ni mo máa ń lé orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó yíjú padà, ó wò mí. Mo rò pé ojú ń tì í ni.

Nítorí náà, n kò lè dúró síbì kan kí n máa dá yín lẹ́jọ́. Ẹ bi mí ohun tí mo rò. Ẹ lọ sí Òkukù. Ẹ lọ sí Inísà. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ orin tèmi náà fún un, pé Ojúọlá ní òun tọrọ àforíjì. Ẹlòmíràn ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí Kẹ́rìjì lẹ́nu, bí ẹni náà kò bá kọ ọ́, Kẹ́rìjì kò lè sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ẹnu yín.

Bí wọ́n bá gba oyè Bàbá Ìjọ, kí wọ́n gbà á. Ẹni tó bí mi kò lè di ẹlòmíràn.

Ọmọ yín, tó ṣì ń bínú díẹ̀,
Ojúọlá.


Ìkìrun,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Nòfẹ́ńbà, 1963.

Àríkẹ́ ọmọ mi,

Mo lọ.

Ìyá rẹ ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ. Ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó, ó jókòó tì mí nínú mọ́tò. Ní Òkukù, bàbá Ògúnwálé pe ìdílé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró, kó má bàá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo dìde dúró, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi àìsàn àbúrò rẹ̀, Àwẹ̀ró figbe ta: "Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣèlérí fún mi!" Mo ní, "Mo ṣèlérí fún ọ. Kò yẹ kí n ṣe é." Ó bú mi, ó bú ìyá tó bí mi. Ìyá rẹ kàn ń pa ìdí aṣọ rẹ̀ mọ́.

Bàbá Ògúnwálé ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?" Mo ní ọmọ mi ló kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Kí ni ọmọ náà kọ?" Mo wò ó pé bí mo bá sọ ti tẹlifíṣọ̀n, wọn yóò rò pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Ó kọ ọ́ pé ènìyàn rere ni mí."

Lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ ọ́ láàfin Inísà, níwájú àwọn ìjòyè àti ẹgbẹ́ télọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dá oyè padà kí wọ́n tó bèèrè. Àwọn kan wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí ló kàn mí tí mo ń hú òkú ọdún méjìlá. Ìwọ̀n àwọn tó ń yà kí wa lẹ́yìn ìsìn ti dín kù. Ó ń dun ìyá rẹ ju èmi lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Èmi ti ń jẹun.

Mo jẹ́ iṣẹ́ orin rẹ fún Ọláníyan. Ó ní òun rántí ọmọ náà, ó ní o ní ohùn.

Lọ́jọ́ Sátidé àná, àwọn ará ilé Ògúnwálé lọ sí Èkó Ẹndẹ láti lọ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó náà dìde padà. Ọláníyan ránṣẹ́ pé kí n wá jókòó síbẹ̀, kí n wá tún un sọ bí ẹnikẹ́ni bá ní òun kò gbọ́ dáadáa. Mo jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé iṣu àti ọtí kalẹ̀. Ọláníyan ní òun kọ́ ni wọ́n pè ní ọmọ olè, kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n pè.

Wọ́n pe Ọ̀ṣúnkẹ́mi jáde. Ọmọ náà ga, ó sì ní ìfarabalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, títí kan èmi. Ó ní:

"Ẹ̀yin bàbá, mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ọmọ olè ni mí, Àjàní kò wá bi mí bóyá òótọ́ ni. Kò sí níbí lónìí náà, ẹ̀yin ló rán wá. Ẹ ní kó wá fúnra rẹ̀. Kó wá bá wa ro oko yìí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀, kó lè dá mi lójú pé òun náà kì í jalè."

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa wò. Bẹ́ẹ̀ ni Ọláníyan bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín gbọ̀n mí nínú, ṣùgbọ́n mo dì í mú, mo wojú rẹ̀ ná. Ó rí mi. Ó mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gbà fún mi.

Nígbà náà ni mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ,
Dúródọlá.